Ọwọ́ Kọkànlá Lára Àká Ìdànrè

Ẹgbẹ̀ta èèyàn ló há mọ́ra wọn nínú Gbọ̀ngàn Ìgbọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbogbo wọn ló sì di ojú. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ní Ìdànrè nìyẹn. O wọlé, o fi íápíìsì sí etí, o dárúkọ ẹni tó o fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ á sì fúnra rẹ̀ wálẹ̀. Kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn ẹni tó ti lọ ni kì í fẹ́ kí ojú dá sí ọ̀rọ̀ òun.

Ìbírónkẹ́ nìkan ló yẹ kó la ojú sílẹ̀, torí iṣẹ́ ló gbé e wá. Ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan òkúta láti mọ bí ẹ̀rọ ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe gbóná tó, ló bá gbójú sókè. Ní ìdí òpó kẹrin, láàárín ẹgbẹ̀ta èèyàn tó dijú, ojú méjì là sílẹ̀ kedere, òun ni wọ́n sì ń wò.

Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣe rí, ẹ má dá mi lẹ́bi bí mo bá sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ọkùnrin náà ga, ó dúdú bí ẹni tí oòrùn orí omi tọ́ dàgbà, kò sì fi nǹkan kan sí etí. Ìbírónkẹ́ fẹ́ gbójú kúrò, ojú kọ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ gbójú kúrò, tirẹ̀ náà kọ̀. Ó dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì nìkan ló jí nínú ìlú tó ti sùn lọ fọnfọn.

Ibi tí wọ́n ti ń wo ara wọn ni ìyá arúgbó kan ti pariwo láì ṣíjú: "Irọ́ lò ń pa, Bàbá Jọkẹ́! O ní ológbò ló jẹ ẹran. Ṣé ológbò náà ló tún dé ìkòkò padà?"

Ọkọ rẹ̀ tó ti kú láti ọdún mẹ́tàlá ló ń bá jà. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omijé ń gba abẹ́ ìpéǹpéjú wọn bọ́. Ọkùnrin ìdí òpó kẹrin rẹ́rìn-ín sí Ìbírónkẹ́. Ìbírónkẹ́ rẹ́rìn-ín padà kó tó rántí pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ ìkẹyìn ni. Ọ̀sán ọ̀la ni wọ́n máa pa Ọkàn Àtijọ́.

Ọkàn ni wọ́n ń pe ohun tó ń jí ẹ̀rọ, tó ń sọ fún un ohun tí yóò ṣe. Ọkàn Àtijọ́ ti sin ìlú fún ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n àwọn tó ń dí ihò ara rẹ̀ ti kú tán, àwọn olè sì ti ń gba ihò wọ̀nyẹn wọlé. Ìjọba ní kí gbogbo ìlú bọ́ sórí Ọkàn Tuntun. Kò burú. Àmọ́ Ọkàn Tuntun kò mọ ilẹ̀kùn Àká, bẹ́ẹ̀ Àká ni ètò tí àwọn àgbà fi to ohùn pamọ́, bí àgbẹ̀ ṣe ń to àgbàdo: eléyìí níbí, ìyẹn lọ́hùn-ún, àmì lára ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà sọnù. Tí ọkàn kan kò bá mọ bí wọ́n ṣe tò ó, ariwo lásán ló máa bá níbẹ̀.

Iṣẹ́ Ìbírónkẹ́ ni láti ṣí Àká kúrò lára ọkàn kan lọ sára èkejì. Ọdún méjì gbáko ló fi ka kóòdù rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tó ń tún un hun kí Ọkàn Tuntun lè mọ ọ̀nà wọlé. Iṣẹ́ náà ti parí láti ìgbà ọyẹ́. Ohun tó kù ni ìwé.

Ní ẹnu ọ̀nà, ẹni tó bá ń jáde gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ lé Adènà. Adènà ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Ọkàn Tuntun, kò sì sí ohun tó ń jẹ́ ojú àánú lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé e.

"Akínlùyì, ọmọ Akíngbadé, láti Igbókọ̀dà," ni Adènà wí. "Ó dàbọ̀, sà."

Ìbírónkẹ́ mọ orúkọ náà.

Èèyàn mọ́kànlá ló kọ kóòdù Àká ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Wọ́n fi májẹ̀mú kan dè é, tí wọ́n ń pè ní Àgbàwò: gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, lò ó, tún un ṣe, fún ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó o bá ní ṣíṣí, o kò gbọdọ̀ tì í. Májẹ̀mú ti Ọkàn Tuntun yàtọ̀. Ìyẹn ní kí oníkálukú ṣe bó ṣe wù ú, kódà kó tilẹ̀kùn kó sì gbé kọ́kọ́rọ́ sápò. Àwọn májẹ̀mú méjèèjì kò lè sùn lórí ẹní kan náà. Àfi kí àwọn mọ́kànlá tó kọ Àká, tàbí àrólé wọn, fọwọ́ sí i pé àwọn jọ̀wọ́ Àgbàwò. Adènà ti rí ọwọ́ mẹ́wàá. Akíngbadé ni ọwọ́ kọkànlá, ó sì ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Lẹ́tà méje ni ìjọba ti kọ sí ọmọ rẹ̀, méjèèje ló dá padà láì tú u.

Ohùn Màmá Adúlójú sọ̀rọ̀ sí Ìbírónkẹ́ létí. Òun ni olórí Gbọ̀ngàn, inú yàrá rẹ̀ lókè ló sì ti ń wo gbogbo wọn.

"Rónkẹ́, ṣé òun ni Adènà ń dárúkọ yẹn?"

"Òun ni, mà."

"Tẹ̀ lé e. Fọ́ọ̀mù ń bẹ nínú àpò rẹ. Agogo mẹ́rin òní ni Adènà máa tilẹ̀kùn, kò ní gba ìwé mọ́. Rẹ́rìn-ín sí i."

"Mà?"

"Mo ní kó o rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹran jíjẹ nìkan ni Ọlọ́run fún ọ léyín fún."

Orí àtẹ̀gùn òkúta àtijọ́ ni Ìbírónkẹ́ ti bá Akínlùyì, èyí tó gun òkè lọ sí ìlú tí àwọn baba ńlá wọn ṣí kúrò. Ó ti gun díẹ̀, ó ti jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ kú ìrìn o," ni Ìbírónkẹ́ wí.

"Ẹ̀yin ará Ìdànrè," ni Akínlùyì dáhùn, "kí ni omi ṣe fún yín tí ẹ fi gbé àtẹ̀gùn ka àlejò lórí báyìí? Lọ́dọ̀ wa, tí a bá fẹ́ lọ síbì kan, a máa wa ọkọ̀ lọ ni. Orúnkún kì í gbọ́ sí i."

"Ẹsẹ̀ yín ló rọ̀, sà."

"Sà kẹ̀? Mélòó ni mo fi jù yín lọ?"

Ó yọ̀ọ̀da àyè fún un, Ìbírónkẹ́ sì jókòó. Kí ilẹ̀ tó ta sí i, wọ́n ti fi "ẹ" sílẹ̀, wọ́n ti mú "o". Akínlùyì ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Igbókọ̀dà. Ó bi í pé ṣé òótọ́ ni pé láyé àtijọ́ gbogbo Ìdànrè máa ń rùn kòkó tí wọ́n sá sóòrùn. Ìbírónkẹ́ ní òótọ́ ni, pé òun ṣì bá díẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òórùn náà máa ń wọ aṣọ ilé ìwé, àwọn olùkọ́ á sì mọ ọmọ tó wá láti oko láì bi í léèrè.

"Kí ló dé tó ò fi nǹkan sétí nínú gbọ̀ngàn?"

Akínlùyì fi ìka ha òkúta. "Bàbá mi kò fi ohùn sílẹ̀. Ó kọ́ ilé fún ohùn gbogbo ayé, kò gbé tirẹ̀ wọbẹ̀. Mo kàn wá wo ògiri náà kí wọ́n tó pa á. Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná bí iwájú orí ẹni tí ibà ń ṣe."

Ìbírónkẹ́ mọ̀ pé àkókò ti tó. Ó fa fọ́ọ̀mù yọ láti inú àpò. Akínlùyì wo ìwé náà, ó wo ẹ̀gbà aláró tó wà lọ́rùn ọwọ́ Ìbírónkẹ́, ẹ̀gbà tí aṣojú Gbọ̀ngàn nìkan ń wọ̀.

"Á-à. Ìwọ ni wọ́n rán sí mi."

"Èmi ni."

Akínlùyì gba fọ́ọ̀mù náà. "Ó ti sú mi. Ọdún méjì ni mo ti ń bá wọn jà, ọ̀la ni gbogbo rẹ̀ sì máa kú. Ìyá arúgbó yẹn kò ní rí Bàbá Jọkẹ́ bú mọ́. Ṣé èmi ni mo fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì?" Ó na ọwọ́. "Fún mi ní bírò. Mo ti wo ojú rẹ nínú gbọ̀ngàn, kò jọ ti ẹni tó máa tàn mí. Sọ ọ̀kan fún mi. Tí mo bá fọwọ́ sí i, ṣé ọ̀rọ̀ bàbá mi ṣì máa dúró?"

Níbi tí ẹjọ́ dé yìí, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ̀gbà aláró túmọ̀ sí. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ayédèrú ohùn àti ojú ọmọ èèyàn, òfin kò gba ìyọ̀ǹda kankan mọ́ àfi èyí tí wọ́n bá fi yíǹkì kọ sórí ìwé, tí wọ́n sì fi ọwọ́ fún aṣojú, ọwọ́ méjì lókè, ọwọ́ méjì nísàlẹ̀, lójú Adènà. Aṣojú kò sì gbọdọ̀ túmọ̀ ìwé fún ẹni tó fẹ́ fọwọ́ sí i, kó má baà fi ẹnu dídùn yí i lọ́kàn padà. Ìbírónkẹ́ ti búra. Ẹni tó bá da ìbúra náà, wọ́n máa bọ́ ẹ̀gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tún ní fọwọ́ kan kóòdù Àká mọ́ títí ayé.

Tó bá sì dákẹ́, Akínlùyì máa fọwọ́ sí i. Ó ti mú bírò dání.

Nínú Àká, lábẹ́ òkúta tó gbóná yẹn, ohùn ìyá àgbà Ìbírónkẹ́ wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógójì péré ni. Kì í ṣe àdúrà, kì í ṣe ìmọ̀ràn. "Rónkẹ́, òjò ń bọ̀ o. Kó kòkó wọlé. Rónkẹ́! Ṣé ò ń gbọ́ mi ṣá? Ọmọ yìí, etí rẹ dà?" Lẹ́yìn náà, ìró òjò lórí páànù. Ohun tó ṣẹ́kù nínú ìyá àgbà láyé nìyẹn. Láràárọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Ìbírónkẹ́ máa ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná.

Ó wo bírò náà. Ó wo ọwọ́ tó mú un, ọwọ́ káfíńtà tí òòlù ti pa léèékánná méjì.

"Kò ní dúró," ló wí.

"Kí lo wí?"

"Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ. Tó o bá fọwọ́ sí èyí, o ti jọ̀wọ́ Àgbàwò pátápátá. Lọ́jọ́ tó bá wu ẹni tó ni Ọkàn Tuntun, ó lè ti Àká pa kó ní àwọn tó wu òun nìkan ni yóò máa gbọ́. Wọ́n lè má ṣe é. Ṣùgbọ́n ìwé yìí kò ní kí wọ́n má ṣe é."

Akínlùyì gbé bírò sílẹ̀. Ó dìde. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn márùn-ún, mẹ́fà, Ìbírónkẹ́ sì rò pé ó ti lọ nìyẹn. Ó dúró.

"Kí ló dé tó o fi sọ fún mi?"

"O bi mí ni."

"Àwọn tó kọ lẹ́tà méje yẹn, ẹnìkan kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé o tú lẹ́tà náà?"

Ẹ̀rín ń fa Akínlùyì létè, ó sì ń bá a jà. "Mi ò tú u."

"Nítorí náà, àwọn kò bi ọ́ ohun tó o fẹ́, ìwọ náà kò sì ka ohun tí wọ́n wí. Ẹ kú orí kunkun o, gbogbo yín." Ó nu omijé rẹ̀ ní kíá, kí Akínlùyì má baà rí i. "Èmi wá ń bi ọ́ báyìí. Kí lo fẹ́?"

"Mo fẹ́ kí ohùn gbogbo wọn wọlé," ni Akínlùyì wí, ó sì ń gun àtẹ̀gùn padà bọ̀, "kí ilẹ̀kùn bàbá mi má sì tì. Ṣé ìyẹn ti pọ̀ jù?"

Ìbírónkẹ́ dìde dúró bí ẹni tí ìjàlọ jẹ. Ọdún méjì tó fi ń ka májẹ̀mú àwọn àgbà kò ṣòfò. "Àfàyè!" ló pariwo. "Akínlùyì, àfàyè wà! Ẹni tó ni iṣẹ́ lè di májẹ̀mú rẹ̀ mú, kó sì fi àyè kan ṣoṣo sílẹ̀. O lè kọ ọ́ pé o gbà kí Àká sùn ti Ọkàn Tuntun, ṣùgbọ́n Àgbàwò ló ṣì ń dè é. Àwọn mẹ́wàá yòókù ti jọ̀wọ́ tiwọn, wọn ò lè dí ọ lọ́wọ́. Bí apá kan Àká bá sì gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, odindi Àká ló máa ṣí, torí kò ṣeé gé sí méjì."

"Kí ló dé tí fọ́ọ̀mù ìjọba kò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Fọ́ọ̀mù ní àyè bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan. Kò ní àyè èèyàn."

Akínlùyì fa ewé kan ya nínú jótà tó fi ń ya àwòrán ọkọ̀. Ó fi orúnkún ṣe tábìlì. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó fa ewé mìíràn ya, Ìbírónkẹ́ ń bá a fi ìka tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ kò tíì le tó. Nígbà tó parí, agogo mẹ́ta ti kọjá dáadáa. Wọ́n sáré sọ̀ kalẹ̀, ọmọ olómi ń mú ọwọ́ ọmọ olókè kó má baà ṣubú. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí jọ̀wọ́ ọwọ́ ẹnìkejì.

Màmá Adúlójú ti ń dúró dè wọ́n nínú yàrá rẹ̀ lókè. Arẹwà àgbà ni, irun rẹ̀ funfun báláú, kì í sì í pariwo. Ìbírónkẹ́ wọlé tọ̀ ọ́ lọ òun nìkan. Ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ láì fi ọ̀kan pamọ́.

Màmá kò bú u. Ó tú ẹ̀gbà aláró lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbé e sórí tábìlì. Ibi tó ti wà lọ́rùn ọwọ́ Ìbírónkẹ́ mọ́ ju ara yòókù lọ.

"Ṣé o mọ ohun tó o ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. Ẹ kàn bá wa gba ìwé náà. Aṣojú méjì péré ló wà ní Ìdànrè. Èmi kì í ṣe ọ̀kan mọ́, ó ku ẹ̀yin."

Màmá Adúlójú fà sẹ́yìn.

"Kì í ṣe èmi," ni Màmá wí. "Mi ò lè gbà á lọ́wọ́ ọmọ Akíngbadé."

"Mà, agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án."

"O ò mọ̀. Èmi wà lára àwọn mọ́kànlá. Ní ọdún tí a parí Àká, ilé iṣẹ́ kan wá, wọ́n fẹ́ gbà á kí wọ́n tì í. Mẹ́wàá nínú wa gbà. Akíngbadé nìkan ló kọ̀. A ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó nígbà náà, èmi àti òun. Ó béèrè lọ́wọ́ mi ní àtẹ̀gùn yẹn lóhùn-ún pé, 'Adúlójú, ìwọ náà?' Mo ní èmi náà. Ó di ẹrù rẹ̀, ó gba odò lọ." Ó jókòó. "O rò pé kí ló dé tí mo fi jẹ́ kí ìjọba máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ fún ọdún méjì? Ojú wo ni mo fẹ́ fi lọ kan ilẹ̀kùn wọn?"

Akínlùyì ti dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ti gbọ́. Màmá rí i. Ó bi í, bí ọmọdé: "Ṣé bàbá rẹ dárúkọ mi rí?"

Akínlùyì kò mọ irọ́ pa. "Rárá, mà. Kò dárúkọ yín rí."

Màmá mi orí, bí ẹni tí wọ́n fún ní ohun tó tọ́ sí i.

"Ó dárúkọ yín," ni Ìbírónkẹ́ wí.

Àwọn méjèèjì wò ó.

"Mà, ṣé ẹ ti ka kóòdù Àká láti ìgbà tó ti lọ?"

"Mi ò lè kà á."

"Èmi ti kà á tán, ìlà kan kò yẹ̀ mí. Ní ibi tí Àká ti ń wá ohùn tó bá sọnù, Akíngbadé kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní, 'Adúlójú ló rí ọ̀nà yìí, kì í ṣe èmi. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe, kó tún un ṣe, kó má ṣáà pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.' Ó kọ ọjọ́ sí i, mà. Nígbà tó kọ ọ́, ó ti pé ọdún méjì tó ti kúrò ní Ìdànrè."

Nísàlẹ̀, nínú gbọ̀ngàn, ẹnìkan ń kọrin tẹ̀ lé ohùn ìyá rẹ̀, kò sì mọ̀ pé orin òun ti ga jáde. Màmá dìde. Ó tún gèlè rẹ̀ wé bí ẹni tó ń lọ sóde. Ó rìn kọjá lára Ìbírónkẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síwájú Adènà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀.

Akínlùyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lórí òkúta, ó dìde, ó gbé ìwé náà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ mẹ́rin ló wà lára ewé jótà kan ṣoṣo, àwòrán ìdí ọkọ̀ ń hàn láti ẹ̀yìn rẹ̀. Agogo mẹ́rin kò tíì lù.

"Ẹ bá mi dì í mú dáadáa, mà," ni Akínlùyì wí, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.